"Kò So" Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Kan: Ohun Tó Ń Ṣe Igi Eléso Ẹ̀yìnkùlé Wa Lọ́dún Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Bá Ṣófo

 

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ìdílé nígbàkúùgbà tí àsìkò èso bá wọlé dé. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé. Lọ́dún tó kọjá, ó so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ, àwọn aládùúgbò jẹ, apẹ̀rẹ̀ méjì sì tún lọ sọ́jà. Lọ́dún yìí, ewé ṣáá ni. Kí ló dé?

Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ èso lásán lọ. Ní Òkè Ọya, ìgbà tí máńgòrò ń pọ́n ni ọkà inú àká ń lọ sílẹ̀, tí òjò kò sì tíì mú oúnjẹ tuntun wá. Lásìkò bẹ́ẹ̀, igi kan ṣoṣo lè jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ, ó sì lè jẹ́ owó ìwé wọn. Nítorí náà, bí igi náà bá kùnà, ìbànújẹ́ ló kọ́kọ́ ń wọlé, ẹ̀sùn a sì tẹ̀ lé e. Ẹnìkan á rántí pé ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló dúró nídìí igi náà lọ́dún tó kọjá tó ní, "Háà, igi yìí mà so o!" Ẹlòmíràn á ní aládùúgbò tó ń ráhùn pé ewé ń já sí àgbàlá òun ló da nǹkan sí ìdí igi. Ẹ̀kẹta kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àáké ni yóò lọ gbé wá.

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan ni nǹkan náà fà. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn gbọ́ dáadáa. Kí ló mú un yin igi? Nítorí pé igi so gidigidi ni. Síso gidigidi yẹn gan-an ló sì lè jẹ́ ìdí tí igi kò fi so lọ́dún yìí, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́. Ohun kan náà ló bí ìyìn, òun náà ló bí òfo. Ìyá àgbà kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan, ìṣòro mẹ́rin

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ti orí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Igi yìí kò so" ni gbogbo wa ń sọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé igi náà yàgàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni a kò fẹ́ràn rárá, nítorí pé obìnrin tí kò rí ọmọ bí ni a ń lò ó fún, gbogbo ìfura tí àwọn ènìyàn ń dì lé obìnrin bẹ́ẹ̀ lórí ló sì ń bá a rìn dé ìdí igi. Ìfura náà kò tọ́ sí obìnrin, áḿbọ̀sìbọ́sí igi.

"Kò so" pàápàá kò tó, nítorí pé ìṣòro mẹ́rin ló kó sínú àpò kan. Èkíní, igi kò yọ òdòdó rárá. Èkejì, ó yọ òdòdó, ṣùgbọ́n òdòdó kò di èso. Ẹ̀kẹta, ó di èso, èso náà sì rẹ̀ dànù ní kékeré. Ẹ̀kẹrin, èso dàgbà, ṣùgbọ́n ìdin tàbí ìjẹrà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń parí sí apẹ̀rẹ̀ òfìfo, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà wọ́n kò bára mu, ìtọ́jú wọn kò sì bára mu. Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ní ara òun kò yá, dókítà á béèrè pé ibo ló ń dùn ún. Ohun tó yẹ kí a bi igi náà nìyẹn.

Bí kò bá yọ òdòdó rárá

Ẹ̀ka máńgòrò kò lè ṣàdédé yọ òdòdó. Ó ní láti kọ́kọ́ yọ ewé tuntun, kí ewé náà sì gbó fún oṣù bíi mélòó kan, kí ọyẹ́ tó dé. Lọ́dún tí igi bá gbé ẹrù púpọ̀, inú èso ni oúnjẹ ara rẹ̀ ń rọ́ lọ. Bí a bá ká èso tán, agbára tí yóò fi yọ ẹ̀ka tuntun kò tó mọ́, èyí tó bá sì pẹ́ yọ kò ní tíì gbó nígbà tí àsìkò òdòdó bá dé. Igi á wá lo ọdún náà láti fi kó agbára jọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ igi máńgòrò fi ń so lọ́dún kan, tí wọ́n sì ń sinmi lọ́dún kejì. Ọsàn àti píà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Igi tó ń sinmi kò ṣàìsàn. Ẹni tó bá gé e lulẹ̀ lọ́dún ìsinmi rẹ̀ ti gé èso ọdún tó ń bọ̀.

Omi ni ìdí kejì. Máńgòrò fẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ tàbí kí òru tutù kó tó ronú òdòdó. Ní Jọ́ọ̀sì, ìlú tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sókè òkun, òtútù òru kì í wọ́n. Ní etí òkun bíi Accra àti Lomé, ọ̀dá ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni máńgòrò gúúsù Gánà ṣe ń so nígbà méjì lọ́dún, nítorí pé òjò ibẹ̀ ń dá dúró lẹ́ẹ̀mejì. Wàyí o, ilé mélòó ló gbin máńgòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀, tí omi ọṣẹ àti omi abọ́ ń ṣàn sídìí rẹ̀ tọ̀sán-tòru? Igi bẹ́ẹ̀ á dúdú minimini, àlejò á máa yin ibòji rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ rí pé ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ewé ni yóò máa yọ lé ewé. Ìgbẹ́ adìẹ àpọ̀jù náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ darí omi náà síbòmíràn láti ìgbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí òdòdó yóò fi yọ, kí ẹ sì fi ajílẹ̀ sí ìgbà tí ẹ bá ká èso tán.

Ìdí kẹta ni àdá ọdún Kérésìmesì. Ilé ń gba àlejò, a fẹ́ kí àgbàlá mọ́, a pe ẹni tó máa bá wa gé ẹ̀ka. Òdòdó tí kò tíì jáde ló gé dànù yẹn, nítorí pé orí ẹ̀ka ló ń yọ sí. Bí ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka máńgòrò, kété tí ẹ bá ká èso tán ni kí ẹ gé e.

Àwọn kan gbà pé ó yẹ kí a fi àdá sá ara igi kí ẹ̀rù lè bà á. Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á. Oúnjẹ tí ewé ń ṣe ń gba abẹ́ èèpo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí a bá sá èèpo, oúnjẹ náà á há sókè, ó sì lè mú kí igi yọ òdòdó. Ìdí nìyẹn tí àṣà náà fi ń jẹ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ni àrùn ń gbà wọlé, ẹni tó bá sì bó èèpo yíká ìdí igi ti pa á nìyẹn.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Máńgòrò tí a gbin láti inú kóró lè lo ọdún 5 sí 8 kó tó so. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ìbẹ́pẹ: akọ wà, abo wà. Òdòdó akọ ń rọ̀ wálẹ̀ lórí okùn gígùn. Ti abo tóbi díẹ̀, ó sì sún mọ́ ara igi tímọ́tímọ́. Òmíràn tún wà tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ takọtabo. Ẹni tó bá ń bá akọ ìbẹ́pẹ jà pé kò so dà bí ẹni tó ń bá àkùkọ jà pé kò yé ẹyin. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn abo, kí ẹ fi ààyè ìyókù gbin òmíràn.

Bí òdòdó bá yọ, tí kò di èso

Ẹ má bẹ̀rù bí òdòdó máńgòrò bá bo ilẹ̀ ní àárọ̀. Ìdì òdòdó kan ṣoṣo lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdòdó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ akọ tí kò lè di èso láé. Nínú 100 òdòdó, kò tó ẹyọ kan tó ń dàgbà di máńgòrò tí a ó jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a.

Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù ni kí gbogbo ìdì náà dúdú kó sì gbẹ. Òjò tí kò bọ́ sákòókò, kùrukùru àti ìrì tó nípọn ló sábà ń fa èyí. Òdòdó á tutù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àrùn tó ń gbé inú ọ̀rinrin á sì jẹ ẹ́ dúdú. Àrùn mìíràn wà tó dà bí ìyẹ̀fun funfun lára òdòdó, òun náà sì ń mú un rẹ̀ dànù. Ọyẹ́ gbígbẹ tó ń dà wá láàmú, tó ń mú ètè wa là, ọ̀rẹ́ máńgòrò ni nínú ọ̀ràn yìí, àyàfi bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá le jù tó sì gbọn òdòdó dànù. Ènìyàn kò lè dá òjò dúró, ṣùgbọ́n ó lè la àárín ẹ̀ka lẹ́yìn ìkórè kí atẹ́gùn àti oòrùn lè máa wọlé, kí ara igi lè máa tètè gbẹ. Ó sì lè ṣa òdòdó àti èso tó ti gbẹ sórí igi kúrò, nítorí pé ibẹ̀ ni àrùn ń sá pamọ́ sí.

Lẹ́yìn òjò, ẹ wo àwọn kòkòrò. Ó lè yà yín lẹ́nu pé eṣinṣin wà lára àwọn òṣìṣẹ́ pàtàkì tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó máńgòrò kan dé òmíràn, oyin sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ilé kan bá fín oògùn apakòkòrò sórí igi nígbà tí òdòdó ń tàn, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló lé lọ. Ẹ jẹ́ kí igi yọ òdòdó rẹ̀ tán láìsí oògùn.

Ti píà ni ó jọ wá lójú jù. Òdòdó píà kan ń ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, abo ni, á padé, nígbà kejì, akọ ni. Irú píà kan ń ṣe abo láàárọ̀, ó sì ń ṣe akọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Irú kejì ń ṣe abo lọ́sàn-án, ó sì ń ṣe akọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Igi kan ṣoṣo lè dá so díẹ̀, ṣùgbọ́n bí irú méjèèjì bá wà nítòsí ara wọn, tí oyin sì ń lọ tó ń bọ̀, èso á pọ̀ sí i. Ẹ wá wò ó: píà yín ń so dáadáa láti ọdún wọ̀nyí, aládùúgbò gé tirẹ̀ láti fi ààyè kọ́ ṣọ́ọ̀bù, tiyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó lásán. Òótọ́ ni pé aládùúgbò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe rò. Igi rẹ̀ ni ọkọ igi yín, igi yín sì ni ọkọ tirẹ̀. Bí ẹ bá gbin òmíràn, tàbí tí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbin òmíràn, ẹ ti tún un ṣe láìjà.

Bí èso bá rẹ̀ dànù, tàbí tí ìdin gbà á

Igi máa ń ju èyí tí agbára rẹ̀ kò ká sílẹ̀ nígbà tí èso ṣì kéré. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá gbẹ jù lẹ́yìn tí èso ti dúró, púpọ̀ ni yóò já bọ́. Nígbà yìí ni omi wúlò: omi tí a ní kí ẹ mú kúrò ṣáájú òdòdó, ẹ lè dá a padà báyìí, pàápàá fún igi tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ẹ kó ewé gbígbẹ yí ìdí igi ká kí ilẹ̀ má baà tètè gbẹ, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi.

Ti ìdin ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí pé nígbà tí a wà ní kékeré, ìdin inú máńgòrò kò pọ̀ tó báyìí. Kì í ṣe pé ojú wa ló ń tàn wá. Eṣinṣin èso kan tó ti Éṣíà wá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bactrocera dorsalis, ni wọ́n rí ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2003. Lọ́dún 2004, wọ́n rí i ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì ti tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Abo rẹ̀ ń gún èèpo èso, ó ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ìdin á jẹ inú èso, èso á já bọ́, ìdin á wọ inú ilẹ̀, eṣinṣin tuntun á sì jáde. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí máńgòrò tó pẹ́ pọ́n fi ń jìyà ju èyí tó tètè pọ́n lọ.

Iṣẹ́ ilé ni ìtọ́jú rẹ̀, àwọn ọmọ sì lè ṣe é. Ẹ máa ṣa gbogbo èso tó bá já bọ́ lójoojúmọ́. Ẹ má kàn dà á sórí ààtàn, nítorí ibẹ̀ ni ìdin yóò ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sì má pa àwọn èèrà pupa tó ń so ewé pọ̀ ṣe ilé sórí igi. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ta, ṣùgbọ́n ní agbègbè Parakou ní Benin, àwọn onímọ̀ rí i pé ọgbà máńgòrò tí àwọn èèrà yìí bá pọ̀ sí, eṣinṣin èso kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i bà jẹ́. Wọ́n ń pa ìdin, wọ́n sì ń dẹ́rù ba eṣinṣin tó fẹ́ yé ẹyin.

Ẹ yí ewé padà kí ẹ tó gbé àáké

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nǹkan kan kọ lu máńgòrò ní Gánà, Tógò àti Benin. Ewé dúdú bí ẹni fi èédú kùn ún, òdòdó dín kù, èso wọ́n. Ẹni tó bá dúró lókèèrè á ní wọ́n ti ṣe igi náà ni. Ẹni tó bá yí ewé padà ló rí òkodoro: kòkòrò funfun bí òwú ló lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó ń fa omi ara igi mu, ó sì ń da omi dídùn sórí ewé ìsàlẹ̀. Orí omi dídùn yẹn ni ohun dúdú náà ń hù sí. Kòkòrò àlejò ni, Éṣíà ló ti wá, kò sì bá ọ̀tá rẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ lọ wá ọ̀tá náà dé Íńdíà, wọ́n sì mú agbọ́n kan bọ̀, tó kéré débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Inú kòkòrò funfun náà ni agbọ́n yìí ń yé ẹyin sí. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò lọ́dún 1987, ó tàn ká, kòkòrò náà dín kù, máńgòrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í so padà. Ẹni tó ti fi àáké dáhùn kí agbọ́n náà tó dé kò ní igi tí yóò jàǹfààní rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo èyí kò pọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ so pẹ́nì mọ́ ọn, ẹ fi sí abẹ́ ìtọ́jú ọmọ kan nínú ilé. Kó kọ ọjọ́ tí òdòdó yọ, ọjọ́ tí òjò rọ̀ sí òdòdó, ìgbà tí èso bẹ̀rẹ̀ sí í já, àti iye apẹ̀rẹ̀ tí ẹ ká. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé náà á sọ ohun tó ń ṣe igi yín ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí ìwé tó dé, ẹ gbé àga sílẹ̀ fún ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Òun ló rántí ọdún tí igi náà so, ọdún tó sinmi, àti ọdún tí òjò oṣù Kìíní ba òdòdó rẹ̀ jẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọmọ náà sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Kí igi yín so, kí ilé yín tòrò.